Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Wọ́ Mọ́tò Yẹn Lọ

Bí mọ́tò bá ṣe èèyàn yín léṣe, tí ẹ sì fura pé àbùkù ti wà lára rẹ̀ láti iléeṣẹ́ tó ṣe é, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹni tó fara pa. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú mọ́tò ọ̀hún. Ohun tí ojú wa rí ní Houston níbí ló jẹ́ kí n máa pariwo rẹ̀.

Mọ́tò àlòkù ni àbúrò mi ọkùnrin rà. Ó lọ kọlu òpó iná, airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wú gba èèyàn dúró, kò jáde rárá, ó sì fi ẹnu gbá sítíárìn. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ fọ́. Wáyà ni wọ́n fi so eyín òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, ògì tó ṣàn ló ń fi straw fà. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ó ti dé, ìwé ló ń kọ sí wa bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ara ò tíì rọ̀ ọ́ tí iléeṣẹ́ adójútòfò ti ń pè. Ọ̀rọ̀ wọn tutù: àwọn á san owó mọ́tò, ká ṣáà fọwọ́ síwèé, àwọn á wá wọ́ ọ lọ. Mọ́tò tó bá lọ báyẹn, ọwọ́ àwọn tó ń tú u tà ló ń bọ́ sí. Ọkọ mi ló ní ká dúró ná. Ó ka VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà, nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀. Àṣé iléeṣẹ́ tó ṣe é ti pè é padà fún àtúnṣe tipẹ́ nítorí airbag, ọ̀fẹ́ sì ni àtúnṣe náà! Ẹni tó kọ́kọ́ ni mọ́tò ni wọ́n kọ lẹ́tà sí. Ẹni tó tà á fún àbúrò mi kò mí fín. Èyí tó dùn mí jù ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà kí oníṣòwò ta mọ́tò tuntun tí wọ́n ti pè padà láì tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò dá ẹni tó ń ta àlòkù dúró. Ṣé ẹ̀mí àwa tí a ń ra àlòkù kì í ṣe ẹ̀mí ni?

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé pípè tí wọ́n pe mọ́tò padà ti tó láti gba owó gbà-má-bínú. Ní 2014, General Motors pe mọ́tò kéékèèké bíi mílíọ̀nù 2.6 padà torí kọ́kọ́rọ́ tó ń yẹ̀ lórí eré, tí ẹ́ńjìnnì á kú, tí airbag kò sì ní ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí lọ́yà Kenneth Feinberg bójú tó owó gbà-má-bínú. Àwọn tó bèèrè owó náà lé ní 4,300. 399 ni wọ́n gbà, 124 fún àwọn tó kú, 275 fún àwọn tó fara pa. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi hàn pé kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ló fa tirẹ̀.

Inú mọ́tò sì ni ẹ̀rí ń gbé. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń ṣàkọsílẹ̀ eré, bíréèkì àti ohun tí airbag ṣe nígbà ìjàm̀bá. Lọ́yà wa kọ̀wé pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan mọ́tò náà, a gbé e sí yáàdì, à ń sanwó àyè. Ní Texas, ọdún méjì lòfin fún ẹni tó fara pa láti pẹjọ́. Lọ́yà irú ẹjọ́ yìí kì í sábà gbowó àfi tó bá borí, ẹ má tìtorí owó jókòó sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi tòkúnbọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ yẹ VIN wò kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba ẹ̀tù tó ń mú airbag tí iléeṣẹ́ Takata ṣe wú jẹ́, tí irin rẹ̀ fi ń fọ́ sára èèyàn. Ẹ wo irú ojú ọjọ́ tó wà l'Ékòó. Nílé, FCCPA ti 2018, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní ẹni tó pèsè ọjà alábùkù ló máa dáhùn fún ìpalára tó bá fà. Ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí VIN sì wà lórí rẹ̀.