Orúkọ Bàbá Akáǹtì ṣì wà nínú ìwé

Adó-Èkìtì, Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹwàá, 2025

Aago méje kò tíì lù tí fóònù mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Akọ̀wé wa tó wà ní Ìkọ̀lé ló kọ́kọ́ pè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. VPN ò gbà mí wọlé." VPN ni ọ̀nà àdáni tí àwọn akọ̀wé wa ń gbà wọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ìta. Mo ní kó wo dátà rẹ̀. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, Ìjerò ti ń pè, lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá fúnra wọn pè láti ilé. Bí ẹnì kan bá pè, mo lè sọ pé dátà ni. Bí ẹni mẹ́ta bá pè láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ wà.

Àsìkò kòkó la wà. Àgbẹ̀ tó bá gbé àpò rẹ̀ dé orí ìwọ̀n ní Ìjerò, inú ìwé ìṣirò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Fájuyì ni akọ̀wé máa kọ kílò rẹ̀ sí kí owó tó jáde. Tí VPN ò bá ṣí, akọ̀wé ò ní rí ìwé náà, àgbẹ̀ á sì jókòó ti àpò rẹ̀. Ohun tó lé mi dìde lórí ibùsùn nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti wà níbẹ̀ láti ìdájí.

Íntánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò ní ọ́fíìsì kò fún wa ní àdírẹ́sì tó jẹ́ tiwa nìkan. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan, nítorí náà ẹni tó wà níta kò lè kan ilẹ̀kùn wa tààrà. A wá háyà sáfà kékeré kan ní Jámánì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó máa ń wà ní títàn nígbà gbogbo, a gbé OpenVPN, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ VPN, sórí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì á lọ bá a níbẹ̀, àwọn akọ̀wé náà á lọ bá a, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé. Olúkúlùkù ló ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ tí mo fọwọ́ sí, òun ni kọ́kọ́rọ́ tó fi ń wọlé. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀ lémi nìkan.

Mo gba SSH, ọ̀nà tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, wọ sáfà náà láti ilé. Mo dúpẹ́ pé n kò fi ọ̀nà tí mo fi ń tún VPN ṣe pa mọ́ sínú VPN fúnra rẹ̀, torí ìta ni èmi náà ì bá wà bíi tàwọn tó kù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kún inú àkọsílẹ̀ sáfà látòkè délẹ̀: CRL has expired, agbára CRL ti tán.

CRL ni ìwé orúkọ àwọn tí a ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tí fóònù rẹ̀ sọnù, inú rẹ̀ ni mo ń kọ wọ́n sí, sáfà á sì máa wò ó kó tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ìwé náà ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, bíi ti oògùn. Easy-RSA, tí mo fi ń ṣe é, ọjọ́ 180 ló máa ń fún un bí èèyàn ò bá yí i padà. Tí ọjọ́ yẹn bá pé tí kò sí tuntun, gbogbo ayé ni sáfà máa tì síta, àti ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tí kò ṣẹ̀. Kò mọ ẹni tí a lè ti lé kúrò lẹ́yìn ìgbà tí a kọ ìwé náà, kò sì ní méfò. Ara mi gbóná sí i láàárọ̀, àmọ́ mo ti rò ó títí di alẹ́ yìí, mo sì gbà pé bó ṣe yẹ kó ṣe ló ṣe.

Èmi ni mo gbàgbé. 17 oṣù kẹrin ni mo ṣe ìwé náà kẹ́yìn, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Èkó. Mo gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo ṣe ìwé tuntun, mo sáré lọ wọkọ̀ lọ sílé fún ọdún. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀: láti ọjọ́ yẹn títí di àná, ọjọ́ 180 géérégé. Ìrọ̀lẹ́ àná ló tán. Ẹni tó ti wọlé ṣáájú ìgbà náà kò pẹ́ níbẹ̀, torí wákàtí kọ̀ọ̀kan ni OpenVPN máa ń tún yẹ ìwé ẹ̀rí wò lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nínú ilé.

N kò lè tún un ṣe láti ilé. Kọ́kọ́rọ́ àgbà tí mo fi ń fọwọ́ sí ìwé kì í gbé orí sáfà, kò sì gbọdọ̀ gbé ibẹ̀ láé. Ẹni tó bá ráyè wọ sáfà lè da iṣẹ́ wa rú lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ àgbà á máa tẹ ìwé ẹ̀rí fún ara rẹ̀ bó ṣe wù ú. Inú fláàṣì kan ló wà, nínú àpótí irin ní ọ́fíìsì. Òjò sì ń rọ̀ ní Bàsírì. Mo gun ọ̀kadà bẹ́ẹ̀, mo dé Fájuyì, aṣọ mi tutù dé ara. Iná ò sí, bátìrì ló gbé kọ̀ǹpútà. Mo ṣe ìwé tuntun, mo fi ránṣẹ́ sí sáfà, mo pe Ìkọ̀lé. Kò wọlé síbẹ̀.

Ìṣẹ́jú ogún ni mo lò kí n tó rí i. Tí OpenVPN wa bá ti gbéra tán, ó máa ń bọ́ agbára root, ìyẹn ti alákòóso àgbà, sílẹ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí kò láṣẹ púpọ̀. Root nìkan ló sì láṣẹ láti ka fáìlì tí mo gbé síbẹ̀. Mo kọ chmod 644, àṣẹ tó jẹ́ kí àwọn yòókù náà lè ka fáìlì, ó tán. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀ nígbà tí Ìjerò pè: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti wọlé o! Bàbá tó wà lórí ìwọ̀n ní kí n kí yín." Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù yẹn.

Ọ̀gá béèrè bóyá a ò lè fún ìwé náà ní ọdún mẹ́wàá kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ní rárá, sà. Mo ti kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí yóò máa wo ọjọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí yóò sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi bó bá ku ọgbọ̀n ọjọ́. Wọ́n tún béèrè nípa WireGuard, irú VPN mìíràn tó ti wà nínú Linux, ètò tó ń darí sáfà wa, fúnra rẹ̀ láti ọdún 2020. Ó yára, ó sì ń fara da nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ kò ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Bí èmi kò bá rántí yọ ẹnì kan, kò sí ohun tó máa rán mi létí. N kò tíì ṣe tán láti ṣí lọ síbẹ̀.

Nítorí pé mo ti gbé fláàṣì jáde, mo ṣí ìwé orúkọ gbogbo ènìyàn. Létà kan ló máa ń wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: V fún ẹni tó ṣì lè wọlé, R fún ẹni tí a ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń kà á bọ̀ látòkè. Ní ìlà kẹrin, mo rí Bàbá Akáǹtì, àgbà tó ń bójú tó ìwé owó wa. V.

Oṣù kẹjọ ni Bàbá kú. Àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ìwé owó nígbà tí mo dé ilé iṣẹ́ yìí tí n kò mọ̀ ju wáyà lọ. Wọn ò pe VPN ní VPN rí. "Ọ̀nà ulé" ni wọ́n ń pè é, bí ará Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wọ́n á pè: "Ọmọ mi, ṣé ulé ṣí?" Bí wọ́n bá sì fẹ́ fọwọ́ sí sọ̀wédowó, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Mo lọ síbi ìsìnkú wọn. Mo ra aṣọ, mo gbé omi, mo dá sí owó ìjókòó, mo sunkún níbi sàréè. Kọ́kọ́rọ́ wọn kò wá sí mi lọ́kàn rárá, fún oṣù méjì gbáko.

Mo wá inú àkọsílẹ̀ sáfà dáadáa. Ìgbà tí wọ́n wọlé kẹ́yìn, wọ́n ṣì wà láyé, ní ọ̀sẹ̀ tí àìsàn fi gbé wọn dè. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó fi orúkọ wọn wọlé.

Easy-RSA ní kí n tẹ yes kí òun tó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnnì fún ìgbà díẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Mo tún ìwé ṣe lẹ́ẹ̀kejì lónìí, mo gbé e lọ sí sáfà, mo sì wo ìlà kẹrin lẹ́ẹ̀kan sí i. V ti di R, wọ́n sì fi déètì òní sí i: 251015.

Lẹ́yìn náà ni mo pe Màmá ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà náà ṣì wà nínú báàgì tí Bàbá fi ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ṣí i. Wọ́n ní kí n wá ní Sátidé, kí n má jẹun wá.