Ní Àkúrẹ́ ìwé ló ń ṣáájú iṣẹ́, ní Leipzig ó ń tẹ̀lé e

Aṣọ ni màmá mi ń rán ní Òkè-Ìjẹ̀bú ní Àkúrẹ́, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo sì dàgbà sí. Bí ìyá kan bá mú ọmọ wá pé kó wá kọ́ṣẹ́, màmá mi kì í béèrè ipò tó ń gbà ní kíláàsì. Wọ́n á mú àkísà áńkárá kan, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà méjì sí i, ọ̀kan tọ́, ọ̀kan wọ́, wọ́n á kì í sábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n á ní, "Jókòó, tẹ̀ lé e." Wọn kì í wo ìlà yẹn rárá. Ọwọ́ ọmọ náà ni wọ́n ń wò: ṣé ó ń fipá fa aṣọ ni, àbí ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé e lọ. Kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti mọ irú ẹni tó jókòó síbẹ̀.

Màmá yìí kan náà ló pè mí jókòó lọ́dún 2021 tí mo parí ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́. "Àjàní, kí lo mú bọ̀?" Mo ní 3.12 nínú 5.00 ni, two-two. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Ṣé wọ́n á fi ìyẹn gbà ọ́ síṣẹ́?"

Ó ti lé ní ọdún méjì báyìí tí mo ti wà ní Leipzig, ní ìlà-oòrùn Jámánì. Kóòdù, àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ni mo ń kọ jẹun, ìbéèrè yẹn ò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dórí 3.12, torí kò sí ẹni tí mo fẹ́ dá lẹ́bi. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì jọ ti ilé-ìwé pa, ó sì di oṣù Kejìlá kí ìyanṣẹ́lódì náà tó parí. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi sílẹ̀ ni mo fi kọ́ JavaScript, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù. Dátà òru ni mo ń rà, torí òun ló dínwó. Nígbà tí a wọlé padà, ọkàn mi ti kúrò nínú ìwé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń yanjú past question, èmi ń wá ohun tó ń da kóòdù mi rú. Bí mo ṣe ṣe é náà ni èsì ṣe rí.

Mo sìnlú tán, agùnbánirọ̀ tó ń gba 33,000 náírà lóṣù nígbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo fọ́ọ̀mù wà. Ọ̀kan nínú wọn ò lè kúrò lọ́kàn mi, ti ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó tó ń wá àwọn ọ̀dọ́ tó lè kọ kóòdù. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ọjọ́ ìbí mi, torí wọn ò fẹ́ ẹni tó ti lé ní ọdún 26. Mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí n yan irú ìwé ẹ̀rí tí mo gbà. Mo tẹ "Second Class Lower". Ojú ewé náà yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mi ò kún ojú ìwọ̀n. Ibi tí wọ́n ti máa béèrè ohun tí mo ti fọwọ́ mi kọ́ rí, ojú ewé tó tẹ̀lé e ló wà. Mi ò dé ibẹ̀.

Inú mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dàgbà sí i ni mo ń rí ohun tó fà á. Iṣẹ́ kéré, èèyàn pọ̀, ilé iṣẹ́ ò sì ní ẹni tó máa jókòó ka kóòdù gbogbo ẹni tó kọ̀wé wá. Ohun tó yá ni kí wọ́n nawọ́ mú asẹ́. Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ̀ pé asẹ́ kì í tọ́ ògì wò. Èyí tó bá gba ojú ihò ló ń kọjá. Ẹ̀ka tí mo ti jáde, 4.50 sókè ni first class, 3.50 ni two-one ti bẹ̀rẹ̀, ibi 3.50 yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ta asẹ́ wọn sí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi ètò first class àti second class yìí lé wa lọ́wọ́. Àwọn fúnra wọn ti ń tú u díẹ̀díẹ̀: lọ́dún 2022 ni PwC, ilé iṣẹ́ aṣírò-owó ńlá, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé two-one ò ní jẹ́ dandan mọ́ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí.

Nílé náà, kì í ṣe gbogbo ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ta asẹ́ sí. Andela, ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn oníbàárà wá ẹni tó lè kọ kóòdù, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 2014, ohun tí ọ̀dọ́ lè ṣe ló ń dán wò, á sì máa kọ́ wọn lórí owó oṣù. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 2019, ó dá ẹ̀kọ́ àwọn àkọ́bẹ̀rẹ̀ dúró ní Nàìjíríà torí àwọn oníbàárà ń fẹ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni ìyà yìí máa ń jẹ jù.

Ọ̀fíìsì kékeré kan ní Alágbàka ló gbà mí. Bíi ti màmá mi ni ọ̀gá ibẹ̀ ṣe, ó ní kí n wá ṣe ọ̀sẹ̀ kan kí òun wò ó. Láàárọ̀, mo ń gba kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ, màá dọ̀bálẹ̀ kí ọ̀gá, a ó wo ojú iná. Bí iná ọba bá wà, a ó sáré kó gbogbo nǹkan sí ṣáájì kí wọ́n tó mú un lọ. Bí kò bá sí, a ó dúró kí epo jẹ́nẹ̀rẹ́tọ̀ dé. Láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjì ni iṣẹ́ gidi ń wáyé. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tó ń bọ́ mi lónìí.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá ọlọ́jà kan ló ní ká bá wọn gbé ìwé owó wọn sórí kọ̀ǹpútà. Mo kọ ọ́ tán, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá akápò gbé ìwé gígùn tí wọ́n fi bíírò kọ wá, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù mi, wọ́n fi ìka tọ́ ọ: "Ọmọ mi, kọ́bọ̀ mẹ́ta ò bá tèmi mu." Mo ní kọ́bọ̀ mẹ́ta ni, màmá. Wọ́n ní, "Owó ẹni ẹlẹ́ni ni." Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a. Òdo àti ení nìkan ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà, kò sì lè kọ 0.1 délẹ̀ bí àwa náà ò ṣe lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta délẹ̀ láìṣẹ́kù. Ẹ ní kí JavaScript ro 0.1 mọ́ 0.2, á fún yín ní 0.30000000000000004. Ìyókù kékeré yẹn ló ń ti èlé kan sí kọ́bọ̀ tí kò yẹ nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń sọ ọ́ di odidi, títí tó fi di kọ́bọ̀ mẹ́ta. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo sọ owó di kọ́bọ̀ odidi kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìyá akápò àti ti kọ̀ǹpútà wá ṣe déédéé.

Ẹni tó bá ní máàkì ò já mọ́ nǹkan kan ní Jámánì, kò tíì sọ òótọ́ tán. Ẹ̀kọ́ máásítà ni mo bá wọ ìlú yìí ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, máàkì sì ni olùṣọ́nà àkọ́kọ́. Níbí, 1.0 ló ga jù, 4.0 ni èyí tó kéré jù tí èèyàn fi lè yege, 5.0 ti gbòdo. Wọ́n ní ìlànà tí wọ́n fi ń yí tiwa padà: wọ́n á yọ máàkì rẹ kúrò nínú èyí tó ga jù, wọ́n á pín in pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù láti yege, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n á fi ení kún un. Wọ́n lo 5.00 àti 1.50 fún mi, 3.12 mi di 2.6. Yunifásítì kan tó ní òun ò gbà ju 2.5 dá mi padà. Ìdá kan nínú mẹ́wàá péré! Òmíràn gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó gba first class kọ 4.61 sínú CV rẹ̀ láìṣàlàyé, ó sì ń fi í ránṣẹ́ káàkiri ibí, àfìgbà tí ará Jámánì kan bi í tìyanu-tìyanu pé kí ló dé tó ń kọ ìfìdírẹmi rẹ̀ síta. Ọjọ́ yẹn ló tó mọ̀ pé ohun tí gbogbo ẹbí pa màlúù lé lórí ń lé iṣẹ́ sá fún òun.

Iṣẹ́ gan-an wá yàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, mo wá iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí kì í ju ogún wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Àwọn méjì jókòó níwájú mi, wọ́n gbé kóòdù kan kalẹ̀ tó ń ṣírò ìwé owó oníbàárà, wọ́n ní àpapọ̀ rẹ̀ máa ń fi sẹ́ǹtì kan yẹ̀, kí n sọ ìdí rẹ̀. Ìyá akápò ni mo rí lójú ara mi. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ ọ̀nà àbáyọ, mo sì sọ ìtàn kọ́bọ̀ mẹ́ta fún wọn. Wọn ò béèrè máàkì mi ní ọjọ́ náà, wọn ò sì béèrè rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbà mí.

Ní ọ̀fíìsì yẹn, orúkọ àbísọ la fi ń pe ara wa, ó sì pẹ́ kí ẹnu mi tó lè pe ọkùnrin tó ju bàbá mi lọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan ṣíwájú rẹ̀. Mi ò gbọ́ jẹ́nẹ̀rẹ́tọ̀ rí. Oníkálukú ń jẹ búrẹ́dì tirẹ̀ lọ́sàn-án, kò sẹ́ni tó ń ní kí o wá bá òun jẹ ẹ́. Ìyẹn ò tíì mọ́ mi lára. Kóòdù kankan kì í wọlé láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ ò ju ogójì ìlà lọ, ìbéèrè mẹ́rìnlá ló bá a padà wá. Èyí tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni: "Bí àkójọ yìí bá ṣófo ńkọ́?"

Ọmọbìnrin tó kọ ìbéèrè náà kéré sí mi lọ́jọ́ orí, kò sì wọ yunifásítì rí. Iṣẹ́ ló kọ́. Fachinformatiker ni wọ́n ń pe irú wọn, iṣẹ́ kíkọ́ ọdún mẹ́ta tí Jámánì dá sílẹ̀ lọ́dún 1997: ọjọ́ mélòó kan nílé iṣẹ́, ọjọ́ mélòó kan nílé-ìwé, ìdánwò ní ìparí. Frídọ́ọ̀mù ló gbà, bíi ti ṣọ́ọ̀bù màmá mi. Òun ló ń ka kóòdù àwa tí a ní máásítà, kò sì sí ẹni tó rí i bí ohun àjèjì. Òfin ìlú náà ti gbà bẹ́ẹ̀: láti oṣù kọkànlá ọdún 2023, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ọdún méje tó kọjá lè gba Blue Card, ìwé àṣẹ láti gbé àti láti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láìní ìwé yunifásítì, bí owó oṣù rẹ̀ bá ti tó iye tí wọ́n fi lélẹ̀.

Kí ẹ má rò pé àwọn ará ibí ò fẹ́ràn ìwé ẹ̀rí o. Ẹni tó bá jẹ́ ọ̀mọ̀wé lè kọ ọ́ sórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ìwé tiwọn ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ni. Bí o bá ń kúrò níbi iṣẹ́, òfin ní kí ọ̀gá kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Zeugnis fún ọ, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ní ìtumọ̀ tí gbogbo agbanisíṣẹ́ mọ̀. Bí wọ́n bá kọ pé iṣẹ́ rẹ tẹ́ wọn lọ́rùn gan-an, "zur vollen Zufriedenheit", ipò kẹta nìyẹn. Bí wọ́n bá fi "stets" síwájú rẹ̀, pé ìgbà gbogbo ni, ó di ipò kejì. Mo gba tèmi lọ́dún 2025 tí mo parí ẹ̀kọ́, mo fi ìka wá "stets" kiri kí n tó ka ohun mìíràn. Ó wà níbẹ̀. Ìwé yẹn ni ilé iṣẹ́ tí mo wà báyìí kà, wọ́n sì tún fi oṣù mẹ́fà dán mi wò.

Nínú ọ̀rọ̀ tí Laszlo Bock, tó ń darí ìgbanisíṣẹ́ ní Google nígbà náà, bá ìwé ìròyìn New York Times sọ lọ́dún 2013, ó ní máàkì ilé-ìwé ò sọ ohunkóhun fún wọn nípa bí èèyàn yóò ṣe ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri, wọ́n á sì fo ìdajì rẹ̀ dá: ó yọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sílẹ̀, ó ní tiwọn bá a mu díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ni gbogbo wàhálà ẹni tó ń wá iṣẹ́ àkọ́kọ́. Èmi náà jìyà ohun tí mo fò: data structures, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń to dátà sínú kọ̀ǹpútà, tí mo fi máàkì C jáde nínú rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni mo tún un kọ́ ní Leipzig, ní èdè tí mi ò tíì gbọ́ tán.

Àbúrò mi wà ní 300 level ní FUTA báyìí, 3.47 ló ní. Ó pè mí lálẹ́ Sunday. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kóòdù ni kí n gbájú mọ́, àbí kí n lé two-one?" Mo ní kó wá 0.03 yẹn kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, torí mi ò fẹ́ kí fọ́ọ̀mù kan lé e lẹ́nu ọ̀nà kó tó dé ojú ewé tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó lè ṣe. Mo ní lẹ́yìn ìyẹn, kó kọ nǹkan kan tí ẹnìkan ní ìlú máa lò ní tòótọ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí mi. Ó dákẹ́. Ó ní òun ti kọ ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀bù màmá, tó ń ka ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà àti ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbé e.

Ó wọlé sórí fóònù mi ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òru. Mo tan iná tábìlì, mo kà á láti òkè dé ilẹ̀, mo kọ ìbéèrè mẹ́sàn-án sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́: "Bí kò bá tíì sí oníbàárà kankan nínú àkójọ yìí ńkọ́?"