Ẹrù tó wà lórí Little Moreton Hall

Ọjọ́ Sátidé

Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn yàrà omi tó yí Little Moreton Hall ká, nítòsí Congleton ní Cheshire, ní ilẹ̀ England, òkè ni ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ. Àjà kẹta tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, tí fèrèsé kún láti ìkángun kan dé ìkejì, ti tẹ̀, ó sì ti wọ́ bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri fara tì. Wọ́n á ní ogbó ni. Ẹrù ni.

Ilé onígi ni. Láàárín 1504 sí 1508 ni ìdílé Moreton bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú gbọ̀ngàn ńlá tí kò ní àjà: ẹni tó bá wà nílẹ̀ ń wo abẹ́ òrùlé ní tààrà. Igi óákù tútù ni gbẹ́nàgbẹ́nà ìgbà náà ń lò, nítorí èyí tó bá ti gbẹ máa ń ba irinṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sí ìdí igi kan, wọ́n á dá ihò sára ìkejì, wọ́n á sì fi èèkàn igi dè wọ́n. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé ihò èèkàn tó wà lára ahọ́n kì í bá ti ara òpó mu déédéé. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ yà á díẹ̀, kí èèkàn lè máa fa igi méjèèjì mọ́ra bí wọ́n ṣe ń gbá a wọlé. Igi náà á máa gbẹ, á máa lọ́, oríkèé kò ní tú. Nítorí náà, ilé óákù tó bá tẹ̀ díẹ̀ kì í ba àwọn tó mọṣẹ́ lẹ́rù.

Ní 1559, William Moreton fi àjà la gbọ̀ngàn náà láàárín, ó sì ní kí wọ́n ṣe àwọn fèrèsé tó yọ sí àgbàlá. Richard Dale, káfíńtà tó ṣe wọ́n, gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sára igi. Káfíńtà mélòó ló rí irú àyè bẹ́ẹ̀? Wọ́n ti yọ àjà yẹn kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ́ apá gúúsù, tí wọ́n sì gbé Long Gallery, yàrá gígùn tó wà ní àjà kẹta yẹn, lé e lórí: ẹsẹ̀ bàtà 68 ní gígùn, ó sì jọ pé kò sí nínú ètò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Òkúta ń tẹ ilé sísàlẹ̀, igi òrùlé sì ń ti orí ògiri síta. Ògiri tó yẹ kó dá a dúró rèé, fèrèsé ti gba gbogbo rẹ̀, kò fi ibì kankan sílẹ̀ fún igi ìdábùú tó ń mú òpó dúró. Ìtì igi ìsàlẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí ọrun. Nígbà tó yá, wọ́n ní láti ki ọ̀pá irin bọ inú Long Gallery kó lè dúró.

Ní 1977, wọ́n rí i pé òkúta òrùlé náà ti ń yẹ̀, àtúnṣe ńlá sì bẹ̀rẹ̀. Wọn kò kun igi tuntun tí wọ́n fi sí i ní dúdú. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìgbà ayé Ọbabìnrin Victoria, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni àṣà kíkun irú ilé yìí ní dúdú àti funfun gbilẹ̀.

Ohun tó máa ń pa ilé onígi jù ni sìmẹ́ńtì. Àárín òpó sí òpó, igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun bí agbọ̀n ni, tí wọ́n fi amọ̀ àti koríko gbígbẹ rẹ́. Amọ̀ ń mu omi, ó sì ń tú u sílẹ̀. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n bá fi rọ́pò rẹ̀ ń sán bí igi ṣe ń sún kì, òjò á gba ojú sísán náà wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ìdí òpó ló máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Ibi tó jẹrà nìkan ni kí wọ́n gé, kí wọ́n so óákù tuntun mọ́ ọn, kí wọ́n sì fi ẹfun jíjó àti yanrìn rẹ́ ojú rẹ̀.

Ogun abẹ́lé ọ̀rúndún kẹtàdínlógún gba owó lọ́wọ́ àwọn Moreton, àgbẹ̀ ayálégbé ló wá ń gbé ibẹ̀. Kò sówó láti wó o, kò sówó láti sọ ọ́ di ilé ìgbàlódé. Ní 1976, wọ́n ṣí pákó ara ògiri yàrá kan, wọ́n bá àwòrán ìtàn Susanna, obìnrin tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn nínú àfikún ìwé Dáníẹ́lì, lẹ́yìn rẹ̀.