Irin tí mò ń gbé ní jíìmù gbéra lónìí o!
Oṣù mẹ́ta gbáko ni irin 80 kílò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, níbi tí mo ti ń dùbúlẹ̀ láti ti irin sókè láti àyà. Tó bá ti kan àyà mi báyìí, àfi kí wọ́n wá bá mi gbé e kúrò. Ni mo bá ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìyà lásán! Bọ̀dá kan ní jíìmù ló ní, "Àbúrò, o ò sinmi. Dín in kù sí 60 fún ọ̀sẹ̀ méjì." Ojú tì mí, àmọ́ mo ṣe é, mo ń sùn, mo ń jẹ ẹ̀wà àti ẹyin. Láàárọ̀ yìí, mo padà sí 80, mo sì fi irin kékeré, kílò 1.25, kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. 82.5! Apá òsì mi gbọ̀n rìrì, irin dúró lágbedeméjì, ó tún gòkè. Bọ̀dá ò tiẹ̀ wò mí, fóònù ló ń tẹ̀.