Ohun tí iṣẹ́ kọ́ mi nípa module nínú Ruby

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ Ruby, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní Àjàṣẹ́ níbí, ọ̀rọ̀ module, ìyẹn àpò iṣẹ́ tí apá púpọ̀ nínú ètò lè jọ lò, ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí òun ló mú iṣẹ́ mi rọrùn jù.

Ètò ìṣirò owó là ń kọ fún àwọn oníṣòwò ọjà Ouando. Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, ṣùgbọ́n náírà kì í jìnnà sí ọwọ́ wọn. Class, ìyẹn àwòṣe tí a fi ń dá nǹkan sílẹ̀ nínú ètò, mẹ́ta ló wà níbẹ̀: `Gbese`, `OwoOja` àti `OwoOko`. Wọn kò bá ara wọn tan, síbẹ̀ gbogbo wọn gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sọ náírà di sẹ́fà. Ruby kò sì gbà kí class kan jogún ju class kan ṣoṣo lọ. Ẹ kọ iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan sínú `module PipaOwoDa`, kí ẹ wá kọ `include PipaOwoDa` sínú class tó bá nílò rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà ìṣirò bá yí padà, ojú kan lẹ ó ti tún un ṣe.

Module tún ń ya orúkọ sọ́tọ̀. Bí Àlàbí bá pé méjì ládùúgbò, orúkọ agbo ilé la fi ń dá wọn mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni `Osunwon::Onibara` àti `Awin::Onibara` ṣe lè wà nínú ètò kan náà láì jà.

Ẹ lọ wo `Comparable` dáadáa, module tí a fi ń fi nǹkan méjì wéra; inú Ruby fúnra rẹ̀ ló wà. Ohun kan péré ló ń béèrè: kí class yín ní `<=>`, tí yóò dá -1 (ó kéré), 0 (wọ́n dọ́gba) tàbí 1 (ó jù) padà. Nínú `Gbese`, ìlà kan ti tó:

`def <=>(ekeji) = sefa <=> ekeji.sefa`

Lẹ́sẹ̀ kan náà, `<`, `>=`, `between?` àti `clamp` ti dé. `Enumerable` náà, tó wà fún àkójọ nǹkan, `each` tó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nìkan ló fẹ́, á sì fún yín ní `map`, `select` àti `sort_by`. Ibẹ̀ ni mo ti mọ module tó dára: ó ń béèrè díẹ̀, ó ń fúnni ní púpọ̀. Èyí tó bá ń tọwọ́ bọ ohun tí class tọ́jú sínú ara rẹ̀ kiri, bí `@oruko`, `@ojo` àti `@iye`, wàhálà ni. Ẹ má sì sọ module ní `Iranlowo`. Gbogbo ohun tí kò rílé ló máa ń wọ ibẹ̀.

Bí ẹ bá rí method, ìyẹn iṣẹ́ tí a fún lórúkọ, tí ẹ kò mọ ibi tó ti wá, ẹ bi `Gbese.ancestors`:

`[Gbese, Comparable, PipaOwoDa, Object, Kernel, BasicObject]`

Láti òsì ni Ruby ti ń wá a, èyí tí ẹ sì `include` gbẹ̀yìn ló ń ṣáájú. `prepend`, tó dé pẹ̀lú Ruby 2.0 lọ́dún 2013, a máa gbé module síwájú class gan-an. Òun ni mo fi ń kọ ẹni tó yí gbèsè padà sílẹ̀, kí n tó fi `super` pe method ti class náà.