Pósítà alẹ́ Sọ́ńdè

Aago 9 alẹ́ ti lù kí ọmọ mi tó rántí o, "Mọ́mì, tíṣà wa ní ká mú pósítà ìmọ́tótó oúnjẹ wá lọ́la." Ibo ni mo ti fẹ́ rí kádíbọ́ọ̀dù lóru? Páálí Indomie la tú palẹ̀, ó ya ọwọ́ méjì tí ọṣẹ ń hó lórí ẹ̀, mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká fi ìṣẹ́jú àáyá 20 fọwọ́, ó ní ṣé ẹ̀yin náà máa ń kà á tó bẹ́ẹ̀, mo ní kó máa báṣẹ́ ẹ̀ lọ jàre. Ó ya ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ọsàn, ọ̀bẹ méjì, ọ̀kan fún ẹran tútù, ìkejì fún tòmátì. Eṣinṣin tó yà sórí àkàrà ló wá pa mí lẹ́rìn-ín, ó tóbi ju àkàrà lọ!