Níbo ni Abọ́ Yẹn Ń Lọ Lẹ́yìn Tí Oníbàárà Bá Lò Ó Tán?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ ife àti abọ́ àlòsọnù, àmọ́ òun gan-an ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í bi ẹni tó ń tà á fún wọn. Wọ́n á rí àwòrán ewé lára páálí, wọ́n á rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ó ń jẹrà", wọ́n á sì sanwó. Ààtàn kan náà tí ike àtijọ́ ń lọ ni abọ́ tuntun náà á tún gbà lọ. Ohun tí wọ́n fi ṣe abọ́ kọ́ ló ń pinnu bó ṣe dára tó, ibi tó máa parí sí ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó ń kó ìdọ̀tí yín. Ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ ń gba páálí tó ti mu epo? Ike wo lẹ ń rí tà fún àwọn tó ń tún un ṣe? Ṣé ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀ tí ẹ ń kó o lọ fún, ṣé wọ́n sì ń gba abọ́ àbí àjẹkù oúnjẹ nìkan? Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ kì í gba abọ́ rárá, ìwé ẹ̀rí yòówù kó ní.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn pàǹtírí yín fún ọjọ́ méje. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ tẹ́ tapólì sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ da ìdọ̀tí sí i, kí ẹ ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: páálí gbígbẹ, páálí olóròóró, ike líle, ọ̀rá, fóòmù, àjẹkù. Ẹ gbé òkìtì kọ̀ọ̀kan sórí ìwọ̀n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ka àwọn tí ẹnikẹ́ni ò lò rárá náà: ṣíbí tó ṣì wà nínú ọ̀rá, bébà ìnuwọ́ tí wọn ò tú. Òkìtì yìí ló yá jù láti dín kù, torí kò sí ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀, ẹ kàn máa jáwọ́ nínú fífi í kún ọjà ni. Kí òṣìṣẹ́ béèrè pé "Ṣé ẹ máa fẹ́ ṣíbí?" kó tó fi sí i. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ra ọjà, ẹ má ṣe bá oníbàárà yan ṣíbí ṣáájú. Ẹni tó bá fẹ́ á fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án.

Ó wá kan ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwọn abọ́ yìí. Èyí tó ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni PLA, ike tí wọ́n ń fi ṣúgà inú àgbàdo tàbí ìrèké ṣe. Ó mọ́ gaara bíi ike PET tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, ojú lásán ò sì lè fìyàtọ̀ sáàárín wọn. Bí ooru bá ti tó nǹkan bíi 55 sí 60°C, PLA lásán á rọ̀, ife á wọ́. Ohun mímu tútù ló wà fún. Èyí tí wọ́n ń pè ní CPLA, tí wọ́n ti ṣètò kó lè fara da ooru, lè dé nǹkan bíi 85°C, òun ló yẹ fún ìdérí ife gbígbóná àti ṣíbí. Bí PLA bá bọ́ sáàárín ìgò PET lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ike ṣe, ó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́: PLA ń yọ́ ní nǹkan bíi 150 sí 180°C, nígbà tí PET ń fẹ́ nǹkan bíi 250 sí 260°C. Kí PET tó yọ́, PLA ti jóná sínú rẹ̀.

Abọ́ tí wọ́n fi èérún ìrèké ṣe, ìyẹn èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán, ń gba oúnjẹ gbígbóná dáadáa. Ooru olómi tó ń ti ara oúnjẹ jáde ni ọ̀tá rẹ̀: bí ẹ bá dé e pa, omi tó ń kán láti ara ìdérí á mú kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Ẹ wá èyí tí ìdérí rẹ̀ ní ihò kékeré. Ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ PFAS. Èròjà tí wọ́n ń fi sí irú abọ́ yìí kí epo má bàa wọ inú rẹ̀ ni, kì í sì í jẹrà nínú ilẹ̀ tàbí omi. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fún yín fi àbájáde àyẹ̀wò hàn pé gbogbo fluorine (èròjà tó máa ń wà nínú PFAS) inú rẹ̀ kò tó mílígíráàmù 100 nínú kílò kan. Bó bá kọ̀ láti mú un wá, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ife bébà náà kì í ṣe bébà lásán. Awọ ike tín-ín-rín wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó jò, àwọn ilé-iṣẹ́ tó lè yọ ọ́ kúrò lára bébà kò sì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ "ó ń jẹrà" kò sọ ìgbà tàbí ibi tó máa jẹrà. Ẹ wá nọ́ńbà ìlànà. EN 13432, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, sọ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 nílé-iṣẹ́ ajílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ ti fọ́ kéré tó láti gba inú asẹ́ olójú mílímítà 2 kọjá. ASTM D6400 ni ìlànà irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ti ilé-iṣẹ́ olóoru ni méjèèjì, kì í ṣe ti àkìtàn ẹ̀yìnkùlé. Ike tí wọ́n ní ó jẹ́ "oxo-degradable", ìyẹn ike tí wọ́n fi èròjà sí kó lè tètè fọ́, ẹ má rà á rárá. Ṣe ló ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí mọ́, ìdí sì nìyẹn tí àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fi fòfin dè é láti oṣù keje ọdún 2021.

Ẹ má ra ẹgbẹ̀rún kan láìdán mẹ́wàá wò. Ẹ da omi tó tó 90°C sínú ife, ẹ dé e, ẹ gbé e sórí bébà funfun fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí bébà bá tutù, ojú ìlẹ̀mọ́ ìsàlẹ̀ ife ló ń jò. Ẹ fọwọ́ fún ara ife díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìdérí á ta yọ. Ìdérí yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: ẹnu ife gbígbóná sábà máa ń fẹ̀ tó mílímítà 80 tàbí 90, bí ẹ bá sì ra ife lọ́dọ̀ ẹnìkan, tí ẹ ra ìdérí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó lè má bára mu. Ẹ yan ife ńlá àti kékeré tí ẹnu wọn fẹ̀ bákan náà, ìdérí oríṣi kan á sì tó fún gbogbo wọn.

Fún ẹni tó ń fi ọjà ránṣẹ́, inú páálí tó tóbi jù ni òfò wà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ akóǹkan máa ń sọ gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí ní sẹ̀ǹtímítà di púpọ̀ lára wọn, wọ́n á sì fi 5000 pín in láti mọ iye kílò tí wọ́n máa gba owó lé. Páálí 40 × 30 × 20 jẹ́ kílò 4.8, èyí tó jẹ́ 30 × 20 × 15 jẹ́ 1.8, bí ọjà inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ìdajì kílò. Ẹ wo ọgọ́rùn-ún ọjà tí ẹ rán kẹ́yìn, kí ẹ wá ìwọ̀n páálí mẹ́ta tó máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ fi bébà rírún dí àlàfo, ẹ fi téèpù bébà lẹ̀ ẹ́, kí gbogbo rẹ̀ lè lọ sínú òkìtì kan náà. Kí ẹ tó tẹ̀ lé ìwọ̀n tuntun, ẹ ju páálí tó kún sílẹ̀ láti ibi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 76 ní ìgbà mẹ́wàá: igun kan, etí mẹ́ta, ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọjà tó bá fọ́ lọ́nà ń di pàǹtírí tòun ti páálí rẹ̀, ẹ ó sì tún rán òmíràn.

Àmọ́ bí abọ́ bá lè padà wá, àlòtúnlò ló dára jù. Ìṣirò rẹ̀ ò le. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá ń padà, abọ́ kọ̀ọ̀kan máa jẹ́ lílò nígbà márùn-ún ní ìpíndọ́gba. Bí ó bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ó di ìgbà mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ mọ́kàndínlógún nínú ogún, ó di ogún. Owó ìdógò tí oníbàárà máa gbà padà ló ń gbé iye yẹn sókè, kí ibi tó ti máa dá a padà má sì jìnnà sí i. Àárín yín àti ẹni tó ń kó ọjà wá fún yín ló dára kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: kéèsì ike líle tó ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kan náà, tí ẹ kọ nọ́ńbà sí lára, tí awakọ̀ á kà nígbà tó bá ń já ọjà àti nígbà tó bá ń kó òfìfo padà.